Igun Kẹrin Oko Odò

Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni ìyàwó àkọ́bí Bàbá, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Tíṣà. Bàbá ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀, èmi kàn ń kọ ọ́ ni. Wọn kò mọ̀wé, ẹsẹ̀ wọn tó kán wà nínú símẹ́ńtì ilé ìwòsàn, wọn kò sì lè rìn dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn obìnrin tí ìwé yìí wà fún. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde, kí n má bù mọ́ ọn, kí n má sì yọ èébú kankan kúrò, títí kan èyí tí wọ́n bá fi bú èmi fúnra mi. Mo ti gbà.

                                        Yàrá iwájú, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ. Ṣé ara le? Orúnkún rẹ tó máa ń dún bí igi gbígbẹ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọbẹ̀ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo nírètí pé gbogbo yín wà dáadáa, torí pé ẹ̀yin lẹ ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Ní tèmi, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣì wà nínú símẹ́ńtì funfun tí àwọn ọmọ àná tó ń pe ara wọn ní dókítà fi dì í. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó ń yún mi lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n má họ ọ́. Ohun tí wọ́n lọ kọ́ nílé ìwé fún ọdún méje nìyẹn: kí n má họ ọ́.

O rántí ọjọ́ tí o wá wò mí. O ò tíì jókòó tí o fi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Oko odò ńkọ́?" Lẹ́ẹ̀kan náà! Bí ẹni pé ẹsẹ̀ mi àti oko odò jọ já bọ́ láti orí àkàbà ni. Mo sọ ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí bàbá wa ti kú: obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò ní oko mọ́ nílé bàbá rẹ̀. O gbé báàgì rẹ, o lọ, o ò sì padà wá. Nítorí oko yẹn náà ni mo ṣe ń ránṣẹ́ sí ọ báyìí. Má tíì máa rẹ́rìn-ín.

Ìwé kan ló fà á. Tíṣà yìí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ kò tó o, ó ní láti fi èmi kún wọn. Ó gbé ìwé kan wálé láti ilé-ẹ̀kọ́, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, èèpo iwájú rẹ̀ ti ya, wọ́n fi bébà ìròyìn dì í bí ẹni di ẹja. Ó ní ìtàn ìgbésí ayé adájọ́ kan ni, ará Íńdíà, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo ní kí ló kàn mí kan Íńdíà, ṣé àwọn ló ti àkàbà mi ni? Ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn, orin tí ẹni tó ń kọjá bá ń kọ náà ló máa gbọ́. Lọ́sàn-án gbogbo, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó lẹ́bàá fèrèsé, á fi ojú ka èdè òyìnbó, á fi ẹnu sọ ọ́ lédè wa fún mi. Télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé, Abẹ́rẹ́-Ò-Sọnù, gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kó aṣọ tó fẹ́ ṣẹ́ létí gòkè wá. Fárí-Kíákíá onígbàjámọ̀ náà wá fá orí mi, kò lọ mọ́. Bí yàrá mi ṣe di kíláàsì nìyẹn.

Àbúrò mi, adájọ́ yìí mọ ara rẹ̀ yìn! Odidi ọ̀sán kan ló fi sọ̀rọ̀ yíǹkì tó dà sí i láṣọ lọ́jọ́ ìdánwò. Ó fi ọ̀sán kejì sọ̀rọ̀ bàtà kan ṣoṣo tó ní. Ta ni kò ní bàtà kan ṣoṣo rí? Èmi tí n kò tilẹ̀ ní ọ̀kan, ṣé mo kọ̀wé? Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé kóòtù, àwọn lọ́yà àgbà kò dá òun lóhùn, akọ̀wé kóòtù sì ní kí òun lọ dúró níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró. Mo ní bóyá ojú rẹ̀ ló burú. Tíṣà ṣí ojú ìwé kejì.

Ibi tó ti rí mi mú ni ibi tí àwọn ará abúlé méjì kan ti ń jà sí ààlà oko. Àwọn lọ́yà ti fi ọdún mẹ́rin ka bébà síra wọn lójú. Adájọ́ yìí dìde lórí àga, ó gba oko náà lọ, ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ lásán rin ààlà náà yí po, ó bu yẹ̀pẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Lọ́yà kan ń sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú agboòrùn, ó ń ké pé, "Olúwa mi, Olúwa mi, ẹrẹ̀ wà níwájú o!" Inú mi dùn, mo lu símẹ́ńtì ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Háà! Ọkùnrin mẹ́ta nìyí! Bí adájọ́ yìí bá wà nítòsí, òun ni n bá gbé ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi tọ̀ lọ, ibi tó bá sì là á sí, ibẹ̀ ni n bá fara mọ́."

Fárí-Kíákíá ní, "Bàbá, ṣé ẹ búra?"

Mo ní, "Mo búra. Ìdájọ́ rẹ̀ ni ìdájọ́ mi."

Télọ̀ ní, "Èmi àti onígbàjámọ̀ ti gbọ́ o, Bàbá."

Mo ní, "Ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ tún un gbọ́!"

Tíṣà pa ìwé dé, ó ní òun gbé nǹkan kaná. Kò sí iná nílé ìdáná lọ́jọ́ náà. Mo ti wádìí.

Lọ́jọ́ kejì, abẹ wà lórí mi, Fárí-Kíákíá ti fá ìdajì, Tíṣà ṣí ìwé, ó ní: "Lọ́yà náà ti ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì láìmí. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun sí aṣọ mi lábẹ́ ẹ̀wù dúdú. Mo ní kí kóòtù sinmi fún ogún ìṣẹ́jú."

Mo ní, "Dúró níbẹ̀. Ọmú ta ni?"

Ó ní, "Ọmú adájọ́ ni, Bàbá."

"Adájọ́ wo?"

"Adájọ́ yín."

Fárí-Kíákíá ju abẹ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Kò lè fá ìdajì tó kù. Bí mo ṣe wà nìyẹn títí di ọjọ́ kejì, apá kan orí dán, apá kan kún bí oko tí olóko fi sílẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o tàn mí jẹ." Ó kúnlẹ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kúnlẹ̀, Tíṣà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ìgbà wo ni mo pè é ní ọkùnrin? 'Mo' ni ìwé wí, 'mo' ni mo kà. Tí ẹ bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, 'ó' ni mò ń dá yín lóhùn. 'Ó' jókòó, 'ó' dìde. Ẹ̀yin lẹ hu irùngbọ̀n fún un."

Mo ní orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó ní mo ti gbọ́ orúkọ náà lọ́jọ́ kìíní, èmi ni mi ò mọ̀ bóyá ti akọ ni tàbí ti abo. Mo ní "Olúwa mi" tí wọ́n ń pè é bí ọkùnrin ńkọ́? Ó ní àwọn lọ́yà kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n lè pè é ni, nítorí obìnrin kò jókòó lórí àga yẹn rí kó tó kàn án. Rò ó wò. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń sọ èdè yìí, n kò mọ̀ pé ó lè gbé odidi obìnrin pamọ́ fún mi fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Mo ní kí ó gbé ìwé rẹ̀ kúrò níwájú mi. Ọjọ́ méjì ni n kò fi jẹ́ kó kàwé. Ṣùgbọ́n àwọn aláìníṣẹ́ méjì yìí, bí ọ̀kan ti ń jí ni yóò máa gba ojú fèrèsé ké pè mí: "Bàbá, kí ni Adájọ́ wí?" Mo wá ní kí Tíṣà ka èyí tó kù, kí n lè fi ibi tí obìnrin náà ti ṣìnà hàn wọ́n.

Àfi bí ẹni pé ó ń dúró dè mí. Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ti obìnrin kan tó ń béèrè oko bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n náà ní ó ti lọ sílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ mi gan-an! Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Adájọ́ kò bá a jiyàn. Ó kàn ní kí ó sọ ohun tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko náà. Ọkùnrin náà wo lọ́yà rẹ̀, lọ́yà náà wo bébà rẹ̀. Obìnrin náà di ojú, ó ní: kànga tí etí rẹ̀ fọ́, igi tí àrá pa, òkúta tí bàbá máa ń pọ́n àdá lé, ihò òkété tó gba ẹsẹ̀ òun nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Adájọ́ gé oko náà sí méjì, ó fún un ní ìdajì.

Mo ní ṣé ìyẹn náà lẹjọ́? Àlọ́ lásán! Ta ni kò mọ igun oko bàbá rẹ̀?

Télọ̀ fi òwú sẹ́nu, ó ní, "Bàbá, ti oko odò ńkọ́?"

Mo ní, "Ìwọ ń ṣiyèméjì! Igun kìíní, òkúta funfun tí bàbá wa máa ń jókòó lé. Ìkejì, igi ọsàn tí kì í so. Ìkẹta, ibi tí odò ti yà sí méjì. Ìkẹrin..."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ronú. Mo ronú títí télọ̀ fi ṣẹ́ etí ṣòkòtò kan tán, tó sì mú òmíràn.

Àbúrò mi, nígbà tí ojú bàbá wa ń ṣú, èmi ń ṣọ́ géètì ní ilé-iṣẹ́ pákó. Ìwọ lo ń di orí ọ̀pá rẹ̀ mú lọ sí oko odò, tí o ń sọ ohun tó wà lọ́tùn-ún àti lósì fún un. Láti ìgbà tó ti kú, mo fi oko náà sílẹ̀ fún ọkùnrin kan tó ń gbin tòmátì, n kò sì rìn kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí. Má sọkún o. N kò sọ ọ́ kí o lè sọkún.

Gbọ́ báyìí. Obìnrin Íńdíà yẹn kò borí mi. Agbéraga ni, ìwé rẹ̀ gùn jù, bó sì ṣe sọ̀rọ̀ ọmú níwájú àwọn àgbàlagbà kò dára. Ẹnu ara mi ló mú mi: ẹyin lohùn, tèmi sì fọ́ níwájú onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ló fún tirẹ̀. Ìdajì! Kí lèèyàn ń fi ìdajì oko ṣe? Èmi fún ọ ní gbogbo oko odò láti òní lọ, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi má sì bá ọ dù ú. N kò ní jẹ́ kí obìnrin tí n kò rí rí mọ ẹjọ́ dá jù mí lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó máa gbé ọbẹ̀ mì kó tó sọ̀rọ̀. Kí àwọn ọmọ. Tíṣà kí ọ, ó ń yọ̀, aláìnítìjú. Ọgọ́rin ojú ìwé ló kù nínú ìwé burúkú yìí, ọ̀sán ni a sì ń kà á. Àga kan wà lẹ́bàá fèrèsé.

Tíṣà ní ìwé tó bá fi ilẹ̀ lé ènìyàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ níbi tí ó tọ́. Ìwọ ni kí o wá kọ ọ́ sí i.

                                        Èmi náà ni, n kò tíì yí padà,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ.

Igun kìíní: òkúta funfun.
Igun kejì: igi ọsàn tí kì í so.
Igun kẹta: ibi tí odò ti yà.
Igun kẹrin: ........................................

Àmì àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún Bàbá: (   )

Ẹlẹ́rìí kìíní: Abẹ́rẹ́-Ò-Sọnù, télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé.
Ẹlẹ́rìí kejì: Fárí-Kíákíá, onígbàjámọ̀.