Ìrẹsì Ọjọ́ Dẹ́kìn

Èbúté Mẹ́ta,
Èkó.

Motọ́lání, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara yín le ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, torí àlàáfíà ò sí lọ́dọ̀ wa níbí. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Bí o bá ti lè ní "Ẹ káàárọ̀ mà" báyìí, màá ti bú sẹ́kún, màá wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o wá mú Jethro àbúrò rẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó dá mi lóhùn.

Ilé àwòṣífìlà tí Ọláníyì ẹ̀gbọ́n rẹ ń bójú tó lẹ́yìn ilé wa ti kọjá ohun tí o rí nígbà Àjíǹde. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ga jù ú nígbà yẹn. Ní báyìí, bí mo bá dúró ní bákónì tí mo gbójú wò ó, gèlè á fẹ́ já lórí mi. Kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán dé àgbàlá mọ́, aṣọ tí mo bá sá ń rùn ni. Mi ò ráhùn. Àràárọ̀ ni mo ń wo àjà tuntun bí ẹni ń wo eyín ọmọ tó ń hù. Bí ará àdúgbò bá béèrè ẹni tó ń kọ́ ọ, màá ní, "Ọmọ mi ni ẹnjiníà wọn."

Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù tí Jethro ti ń jó irin ní Pápá Àjàó pa dé, èmi ni mo bẹ Ọláníyì kó fi í sáàárín àwọn tó ń tẹ irin. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó má pe òun ní Bọ̀dá níbi iṣẹ́. Sà ni kó máa pe òun. Àkàngbé, ọ̀gá àwọn onírin, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Jethro, ṣé ọmú kan náà lẹ jọ mu ṣá, àbí wọ́n fi ṣúgà sí ti Ẹnjiníà ni?" Jethro fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìwọ náà mọ ọjọ́ dẹ́kìn, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da kọnkéré àjà kan. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í dúró àfi tó bá parí. Wọ́n ní bí apá kan bá gbẹ ṣáájú èkejì, wọn ò ní mú ara wọn mọ́. Ewúrẹ́ ni wọ́n máa ń pa fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì se ìrẹsì. Ọláníyì ní èmi ni kí n wá sè é, pé àwọn tó ni ilé ń kó àlejò bọ̀. Inú mi dùn. Mo sè é bí ìrẹsì ìgbéyàwó.

Nígbà tí mo gbé e dé, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá jẹun kí iṣẹ́ má bàa dúró. Àwọn tó máa ń pariwo pé "Màmá Ẹnjiníà, ẹran tèmi dà?", kò sẹ́ni tó gbórí sókè nínú wọn. Mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Mo béèrè pé, "Jethro mi dà?" Àkàngbé wo ojú Ọláníyì. Ọláníyì ní, "Ó wà lókè, Màmá. Ó ń bọ̀." Mo ṣa eegun tó ní mùdùnmúdùn sọ́tọ̀ fún un, mo fi àwo dé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó ti àwọn àlejò, ó jẹun dáadáa. Ó tiẹ̀ tún ní, "Màmá, iyọ̀ rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Ẹ bù sí i fún ọ̀gá tó nilé." Mo bù sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àkàngbé wá bá mi nílé. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní kí n tó dé ni pákó tí Jethro dúró lé lókè ti dá, tó já wálẹ̀ tòun ti ìdì irin, tí irin náà sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ọláníyì ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí, kí wọ́n ti géètì, kí ẹnikẹ́ni má jáde títí dẹ́kìn á fi parí, tí àwọn àlejò á fi lọ. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó pariwo. "Màmá, aṣọ tí wọ́n fi dí i lẹ́nu, tèmi ni. Ó gbọ́ ohùn yín. Ó gbọ́ ìgbà tí ẹ béèrè òun."

Ní ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ náà mọ́, pé ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni. Wọ́n gé e. Mo bá Ọláníyì níta, mo bi í bóyá ọmọ mi ni lóòótọ́. Ó ní, "Màmá, dẹ́kìn kì í dúró. Bí mo bá dá a dúró, wọ́n á fọ́ gbogbo àjà yẹn dànù, wọ́n á sì lé mi. Ṣé kí àwa méjèèjì wá jókòó tì yín nílé ni? Ẹsẹ̀ kan ló lọ, ẹ̀mí ò lọ." Ilẹ̀ ni mo ń wò. Bàtà rẹ̀ méjèèjì ń dán.

Ọláníyì ti wá gbé àga fún Jethro sẹ́nu géètì ibi iṣẹ́ báyìí, kó máa ṣí i. Láti bákónì ni mo ti ń wò ó. Bí mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé, á fi ọ̀pá dìde, á wọ́ géètì, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Gíláàsì mọ́tò kì í wálẹ̀. Mo bi Jethro pé kí ló dé. Ó ní, "Eruku ni, Màmá. Bọ̀dá ò fẹ́ kí eruku wọlé." Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ta ló tún máa gba elẹ́sẹ̀ kan síṣẹ́? Bọ̀dá ṣe mí lóore." Oore yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Wá mú un, Motọ́lání. Ìwọ lo pọ̀n ọ́n, á gbọ́ tìrẹ. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Sọ pé o ń wá ẹni tí yóò bá ọ mójú tó ilé.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. O ò ní fi ọwọ́ ara rẹ bẹ ẹni tí yóò ṣe ọmọ rẹ léṣe. Àwọn ọmọ rẹ ò ní di ẹrù síra wọn lọ́rùn, bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì á fi iṣẹ́ sílẹ̀ sáré lọ bá a. Mo fẹ́ ṣàdúrà fún Ọláníyì náà, mo la ẹnu, kò jáde. Ẹni tó bá pè mí ní Ìyá Ọláníyì ládùúgbò yìí, mi ò kí í jẹ́ mọ́.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ìyá Jethro.

Àfikún: Bí mo ṣe ń lẹ àpòòwé ni Ọláníyì pè. Ọjọ́ Sátidé ni dẹ́kìn tó gbẹ̀yìn, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ìrẹsì yẹn sè bíi tèmi. Mo ní màá sè é. Má bínú sí mi. Màá gbé e dé ibẹ̀, màá jókòó lé ìdérí ìkòkò, ọ̀gá ò ní jẹ, àlejò ò ní jẹ, màá máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo òṣìṣẹ́ tó gòkè á fi fẹnu ara wọn dá mi lóhùn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ní kí wọ́n lé mi jáde, Jethro ni yóò rán sí mi, torí òun ló ń ṣọ́ géètì.