Màmá Versie Mungin Capers (1938–2023), Ẹni Tó Ka Ará Erékùṣù Dawtry Fún Ogójì Ọdún

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ọdún 1938, ni wọ́n bí olóògbé, Màmá Versie Mungin Capers, ní Erékùṣù Dawtry ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Renty Mungin, ẹni tó ń hun àwọ̀n fún gbogbo apẹja etíkun wa, ni bàbá wọn. Hagar ni ìyá wọn. Bina ni orúkọ ilé tí wọ́n sọ wọ́n, nítorí orúkọ ọmọbìnrin tí a bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn láàárín wa. Àwọn tó lè pè wọ́n ní Bina kò ju méjì lọ láyé mọ́.

Ní ọdún 1868 ni Prince Mungin, bàbá ńlá wọn, ra ilẹ̀ éékà méjìlélógún tí wọ́n bí wọn sí, nígbà tí ọgbẹ́ ẹ̀wọ̀n oko ẹrú kò tíì jinná lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí Renty ní 1905, àwa aláwọ̀ dúdú la pọ̀ jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Lónìí, díẹ̀ la fi lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ wa lọ.

Màmá ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà, wọ́n sì parí girama lórí ilẹ̀ ńlá ní 1956. Ní 1958 wọ́n fẹ́ Josiah Capers, ẹni tó ń pa edé, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n tó máa ń se ìrẹsì pupa ju obìnrin lọ. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta dá wọn lọ́lá. Ọdún méjìlá ni Màmá fi yọ ẹran akàn ní ilé iṣẹ́ tó wà létí afárá, títí omi iyọ̀ fi bẹ́ wọn lọ́wọ́ yánnayànna.

Ní 1970, ìjọba ń wá ẹni tí yóò ka èèyàn ní erékùṣù. Àwọn tí wọ́n rán wá ṣáájú ti sá padà, nítorí orúkọ ilé nìkan ni ará Dawtry ń jẹ́ fún ara wọn, orúkọ inú ìwé ni ìjọba sì ń béèrè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n Màmá mọ orúkọ méjèèjì ti olúkúlùkù, wọ́n sì mọ bí a ti ń jókòó jẹ ọbẹ̀ ilá kí a tó mú bírò jáde. Ẹgbẹ̀fà èèyàn ó lé mẹ́fà ni wọ́n kà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ló jẹ́ òyìnbó nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ àṣìṣe tiwa náà. Renty Mungin kò kọ ìwé ìhágún. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ nínú àwọn àgbà wa. Ohun tó máa ń wí ni pé, “Ẹni tó bá ń kọ ìhágún ń ké sí ikú ni. Gbogbo yín lẹ ni ilẹ̀ yìí, ẹ jọ máa jẹ ẹ́.” Ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ní 1983, Lemuel, ọmọ ìbátan wa kan ní Philadelphia tí kò tẹ ẹsẹ̀ sí Dawtry rí láyé rẹ̀, ta ìpín tirẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé fún olówó. Ilé iṣẹ́ náà pe ẹbí lẹ́jọ́. Adájọ́ ní àwọn tó ni ilẹ̀ ti pọ̀ jù láti pín in, kí wọ́n gbá a ta pátápátá. Nígbà tó fi máa di 1985, wọ́n ti fi odi yí oko wa ká, wọ́n sì gbé géètì sẹ́nu ọ̀nà. Ibojì mọ́kàndínlógún ló kù sínú odi náà, létí omi. Ibẹ̀ ni Renty àti Hagar wà. Ibẹ̀ ni Josiah wà láti 1979, pẹ̀lú ife tó fi mu omi kẹ́yìn lórí ibojì rẹ̀.

Ní ìkànìyàn 1990, Màmá kan ilẹ̀kùn ilé oníyàrá mọ́kànlá kan nínú ọgbà náà. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì láti Ohio ló ṣílẹ̀kùn.

“Màmá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn làwọn òṣìṣẹ́ ń gbà o,” ló wí, pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Iṣẹ́ ìjọba ni mo bá wá, sà. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, oko ànàmọ́ bàbá mi ni. Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé níbí?”

“Èmi àtìyàwó mi. Àti ajá wa.”

“A kì í ka ajá, sà.”

Wọ́n kọ méjì sílẹ̀, wọ́n sì kọjá sí ilé kejì. Títí di 2010 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́dún náà, ilé kan ṣoṣo ló kù fún ìran wa ní ojú ọ̀nà tí wọ́n bí wọn sí, tiwọn tó wà ní ìta odi ni. Owó orí ilẹ̀ ti lé àwọn yòókù lọ sí Charlotte, Savannah àti Newark. Ìwé ìròyìn gbé e jáde tayọ̀tayọ̀ pé ìpínlẹ̀ wa ń kún sí i. Màmá fi ìwé ìròyìn náà dáná. Inú bí wọn títí wọ́n fi kú, inú ń bí àwa náà, a ò sì ní fi bò.

Nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi Nebo, ìyá ìjọ ni wọ́n fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Àwọn ni wọ́n bá ilé iṣẹ́ tó ra ilẹ̀ náà jà títí tó fi gbà kí a máa wọlé bẹ ibojì wò ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù. Páálí kan ni wọ́n ń fún wa gbé síwájú mọ́tò. ÀLEJÒ ni wọ́n kọ sí i. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Màmá fi jẹ́ àlejò lórí ibojì ọkọ wọn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé ọdún 2023, Màmá sùn nínú ilé wọn, ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni lẹ́tà dé láti ọgbà: èèyàn méjìlá péré ni kó tẹ̀lé òkú wọlé, wákàtí méjì, kí a kọ orúkọ wọn ránṣẹ́, kí a má mú ọmọdé wá. Ruthell, àkọ́bí, lọ bá wọn ní ọ́fíìsì.

“Ẹ má bínú mà, òfin ọgbà ni,” ni ọmọdébìnrin tó jókòó níbẹ̀ wí.

“Ìyá ẹ ń kọ́? Tó bá kú, èèyàn mélòó lo máa mú?”

Ruthell dúró títí tí ara rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì wá sílé. Ó rántí ohun tí Màmá sọ lórí ibùsùn pé, “Ẹ ò gbọdọ̀ dín ẹnì kankan kù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sin mí. Mo ti rí ìdínkù tó.”

Orúkọ ni wọ́n béèrè, orúkọ nìyí. Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Ruthell Frazier, Alonza Capers, Delphine Capers. Ọmọ-ọmọ: Odessa, Tavares, Lucinda, Kendall, Marvella, Renty Kékeré, Isom, Thomasina. Ọmọ-ọmọ-ọmọ: Imari, Josiah, Gabriella, àti Zenobia, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, tí a óò gbé kọjá lórí pósí lẹ́ẹ̀mẹta, láti ọwọ́ Ruthell sí ọwọ́ Alonza, bí àṣà wa, kí ẹ̀rù òkú má bà á lójú oorun. Láìsí ọmọdé, a ò tíì sìnkú. Lẹ́yìn wọn ni gbogbo Mungin, gbogbo Capers, gbogbo ọmọ ìjọ Nebo, àti ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́.

Tí ìsìn bá parí, kí ẹnikẹ́ni má gba páálí. Ẹsẹ̀ ni a óò fi rìn tẹ̀lé pósí wọ géètì. Bí aṣọ́bodè bá béèrè iye wa, kí ó jáde wá kà wá.

Ẹ sùn re o, Bina, ọmọ Renty, aya Josiah. Kí ilẹ̀ bàbá yín gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Gbogbo wa la ń sìn yín bọ̀.