Béèlì Tí Mo Gbọ́, Béèlì Tí O Wí

Wàsílátù Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ẹ o, mo kí ìsọ̀ rẹ, mo kí ilẹ̀ Ìdímù tó gbà ẹ́ sọ́dọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ oníbàárà dá níwájú rẹ, ẹni tó máa ń tú gbogbo aṣọ wò láìra ẹyọ kan ò sì ní mọ ọ̀nà ìsọ̀ rẹ. Àmín. Èmi náà wà, ṣùgbọ́n inú mi ò tíì rọ̀, mi ò ní purọ́.

Lẹ́tà ni mo ń kọ nítorí pé èmi àti fóònù ti jà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa gbọ́mọ, àmọ́ ohun tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ò ní yí padà lójú ọ̀nà.

Ilé dáa. Òjò ti ṣí páànù ilé ìdáná, iṣu ẹ̀yìnkùlé ti ta, ewúrẹ́ funfun ti lóyún. Ti dúdú, ìwọ náà mọ ibi tó wọlé sí.

Jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ béèlì yẹn tán. Lọ́jọ́ tí Abdulganiyy tó ń bá wa ṣáàjì fóònù fi ohùn rẹ sí mi létí, ohun tí mo gbọ́ ni pé Màámi, ẹ bá mi wá owó béèlì, wọn ò ní gbà àfi kí n san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wàsílátù, ìyá wo ló máa gbọ́ béèlì tí ọkàn ẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ aṣọ? Níbí, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni béèlì wà. Mo ta ewúrẹ́ dúdú kí omijé mi tó gbẹ, mo wọ mọ́tò, mo sọ̀ ní Ìkòtún, mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sí téṣàn. Ọlọ́pàá tó wà nídìí káńtà yẹ ìwé wò, ó ní Mọ̀mí, a ò mú Wàsílátù kankan. Mo ní kó tún un yẹ̀ wò. Ó tún un yẹ̀ wò, ó ní kò sí. Mo ní ẹ ti gbé e pamọ́ nìyẹn, mo tẹ́ ìborùn mi sílẹ̀, mo jókòó lé e, mo ní mi ò dìde àfi tí mo bá fojú kan ọmọ mi. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ra búrẹ́dì fún mi. Mo jẹ búrẹ́dì, mi ò dìde.

Ìgbà tí wọ́n pè ẹ́ tó o dé, ṣe lo bú sẹ́kún, tó o ń pariwo lójú gbogbo ayé pé béèlì aṣọ ni, Màámi, béèlì òkirikà, ẹ ti dójú tì mí. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mi ò sì ní tọrọ àforíjì o. Bí mo bá tún gbọ́ béèlì lọ́la, màá tún lọ, búrẹ́dì wọn dùn.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan tí ìbínú ò jẹ́ kí n sọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó o fi owó ewúrẹ́ mi gbé béèlì náà wálé, tí mo rí bí wọ́n ṣe fi okùn irin dè é tọwọ́tẹsẹ̀, tó o wá já okùn ọ̀hún tí aṣọ inú ẹ̀ rú jáde bí ẹni tó ti sé èémí tipẹ́, àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní lọ́kàn mi pé mi ò kúkú ṣìnà. Béèlì ni mo wá ṣe, mo sì ṣe béèlì.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ló le. Bàbá Zikrullah, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Wọ́n ní aṣọ òkú òyìnbó lò ń tà, pé ẹnìkan ò ta ẹrù òkú rí nílé yìí, pé kó o palẹ̀ ìsọ̀ yẹn mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ò ní ṣe walí fún ẹ lọ́jọ́ yìgì ìwọ àti Abdulmuiz. Kí n wá wo ẹni tó máa fà ẹ́ fọ́kọ, nígbà tí bàbá rẹ ti wà ní sàréè. Gbogbo ilé yíjú sí mi, wọ́n ń retí ẹkún mi.

Mi ò sunkún. Jákẹ́ẹ̀tì pupa tó o fún mi ni mo wọ̀ lọ, èyí tí Abdulganiyy ní Sìkiọ́rítì ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, torí ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí mi, mo ní ọkọ mi, òyìnbó wọ̀nyẹn ò kú, aṣọ ló sú wọn. Bí òkú kan bá sì lè tọ aṣọ ẹ̀ láti òkè òkun dé abúlé wa, kó máa bọ̀, mò ń wá ẹni tó máa bá mi kan páànù. Wọ́n ní mo yájú, wọ́n ní tíṣà làwọn, àwọn mọ ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tó o sọ fún mi, pé gíréèdì wọ́ọ̀nù ni gbogbo aṣọ rẹ. Mo ní aṣọ tí ọmọ mi ń tà ti ṣe ìdánwò lókè òkun, gíréèdì wọ́ọ̀nù ló gbà. Ẹ̀yin, gíréèdì túù lẹ fi ṣe tíṣà títí ẹ fi fẹ̀yìntì. Kí gíréèdì túù má bú gíréèdì wọ́ọ̀nù níṣojú mi mọ́. Ìyàwó wọn gan-an bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti lọ bá lèmọ́mù. Ó ní bí walí bá kọ̀ láìnídìí, ẹlòmíì lè dúró, òun á sì dúró. Nítorí náà, má palẹ̀ ìsọ̀ kankan mọ́. Ẹni tí wọ́n bá rán sí ẹ, sọ fún un pé ìyá rẹ ní rárá.

Nǹkan kan ṣá ń kọ mí lóminú. Abdulganiyy fi àwọn aṣọ tó o gbé sórí sítátọ́ọ̀sì hàn mí nínú fóònù ẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ẹ̀ ti pòórá. Olè wà lórí sítátọ́ọ̀sì yẹn. Ra àgádágodo sí i, àbí kí n wá fi jákẹ́ẹ̀tì mi ṣọ́ ọ?

Bó o bá rówó, fi ti páànù ránṣẹ́. Kó o sì di aṣọ ọmọdé kún àpò kan fún mi, iwájú ilé Bàbá Zikrullah ni màá tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ni ibòòji wà. Aṣọ tí ẹlòmíì bọ́ sílẹ̀ ni Ọlọ́run máa fi bo àṣírí rẹ. Wàá tà, wàá jèrè, wàá lọ́kọ, wàá bímọ, ojú mi á rí i.

Lọ́jọ́ mìíràn, bí ọlọ́pàá bá mú ẹ lóòótọ́, sọ pé ọlọ́pàá. Bó bá sì jẹ́ ti aṣọ ni, sọ pé aṣọ. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, ewúrẹ́ funfun ṣì wà lórí ìso.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tọrọ àforíjì,
Mọ̀dínátù