Orin Tí Àǹtí Aránṣọ Dá Fúnra Wọn

Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi,

Ọjọ́ tí wọ́n pa ohùn fídíò wa lórí ìkànnì, tí ẹnu àbúrò yín, Àǹtí Aránṣọ, ń ṣí tó ń pa dé bíi ti ẹja, ni ó tó yé mi pé orin olórin ni Àǹtí máa ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Mo kí yín, mo kí Màmá wa. Orúnkún Bàbá mi ti sàn, òrùlé ò jò mọ́.

Ẹ mọ̀ pé fídíò Àǹtí tí mo ń gbé síbẹ̀ ni àwa ọmọ tó kàwé lókèèrè fi ń kọ́ Yorùbá. Iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà ní tí a bá tún jí orin, àwọn á tì í pa. Àǹtí fárígá: "Ẹnu ara mi ni mo fi kọ ọ́! Ta ni mo jà lólè?"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá orin tiwọn. Wọ́n dá a lóòótọ́: orin ọmọbìnrin tó ń sá tìmùtìmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sóòrùn láràárọ̀, torí ẹ̀gbọ́n ń tọ̀ọ̀lé títí tó fi wọ iléèwé girama. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ti wò ó, olórin kankan ò sì fẹjọ́ sùn. Bàbá mi, tí òun náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n Àǹtí, ti búra pé òun kọ́ ni wọ́n fi kọrin.

Ọlọ́run á máa bo àṣírí yín. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, sà: ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni, àbí kí n gbé ẹsẹ kejì jáde, níbi tí wọ́n ti dárúkọ yín?