Bàbá Mercy ní Ṣọ́ọ̀bù Tẹ́tẹ́

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Àpákẹ́,
                                        Ògbómọ̀ṣọ́.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Ìyá Israfil mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún ń kọ́? Ṣé o ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí o ti gbé e fún aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ìyàwó Israfil ń kọ́, ṣé oyún rẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Mo gbọ́ pé òjò ti dé sí Ọ̀yọ́. Ó ti dé síbí náà, ooru ti dín kù, a dúpẹ́. Mo kí ọ kú àìrí ara láti ọjọ́ yìí. O kò kúkú wá wò wá, o ti wá di ará Ọ̀yọ́ pátápátá, o ti gbàgbé àwa tá a jọ ń pọn omi ní Jọ́ọ̀sì.

Israfil tó yà kí wa lẹ́yìn tó kó ọjà rẹ̀ tán ní Sábó ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ohun tó rí nílé wa fún ọ, kí n fúnra mi sọ ọ́. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, mo tiẹ̀ gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹkún á ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu. Ara Bàbá Mercy kò yá, Zulaikha. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Iyè rẹ̀ ló ń ra.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á so táì mọ́rùn, á ní òun ń lọ sí Takie láàárín ìlú. Mo rò pé ayò ló ń lọ ta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àfi bí àwọn obìnrin ìjọ wa ṣe wá ń sọ fún mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pé àwọn rí ọkọ mi, odidi díákónì ìjọ, nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Mo wé gèlè mi, mo gba ibẹ̀ lọ. Mo kó ìjà lọ́wọ́, má parọ́ fún ara rẹ pé mo ti yí padà.

Àwọn géńdé kún inú ṣọ́ọ̀bù náà bámúbámú. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri, eré ẹṣin ìlú òyìnbó ni wọ́n ń wò. Ọkọ mi ló jókòó síwájú, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ẹṣin, ó ń kọ́ wọn bí olùkọ́. Ìjà tí mo kó bọ̀ kàn tán nínú mi. O mọ̀ pé akọ̀wé ìdí òṣùwọ̀n ló jẹ́ ní pápá eré ẹṣin ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí Alhaji rẹ, kí Ọlọ́run forí jìn ín, ti ń rán gàárì. Bóyá tìrẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yẹn fún ọ. Tèmi kò ṣàlàyé ẹ̀ rí, ó ní òun kì í gbé ọ́fíìsì wọlé. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ni mo ti wá gbọ́ ọ, lọ́jọ́ ogbó mi.

Àwọn òyìnbó ń pe irú eré náà ní háńdíkápù. Wọn kì í jẹ́ kí ẹṣin tó lágbára sáré lófìfo. Ẹnì kan wà tó máa ń wo bí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ṣe sáré sẹ́yìn, á wá pín ẹrù fún wọn: èyí tó dára jù ni yóò gbé ẹrù tó wúwo jù, èyí tí kò lágbára á gbé èyí tó fúyẹ́, kí gbogbo wọn lè ní ìrètí láti jẹ. Bí ẹni tó fẹ́ gùn ún bá fúyẹ́ ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ, wọ́n á ki òjé bọ àpò tó wà lábẹ́ gàárì títí á fi pé. Alhaji rẹ ló ń rán àpò yẹn, ọkọ mi ló ń wọ̀n ọ́n. Bí eré bá parí, wọ́n á tún wọn ẹni náà pẹ̀lú gàárì rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá dín, ẹṣin yẹn kò jẹ mọ́. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sanwó fún àwọn tó ta tẹ́tẹ́, àfi bí Bàbá Mercy bá jáde, tó kéde pé ìwọ̀n pé.

Àwọ̀ fìlà àwọn tó ń gun ẹṣin ni àwọn ọmọ yìí fi ń ṣà tiwọn tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n má wo fìlà mọ́. Ó ní kí wọ́n wo ẹrù tí ẹṣin gbé lónìí, kí wọ́n fi wé èyí tó gbé nígbà tó jẹ kẹ́yìn. Pé èyí tó bá ń jẹ lemọ́lemọ́, wọ́n á máa di ẹrù kún tirẹ̀ ni títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin kan ní, “Bàbá, ẹ jàre, èwo ló ṣúọ̀ nínú wọn, tó dájú pé á jẹ?” Ó ní, “Kò sí èyí tó ṣúọ̀. Ká ní ó wà ni, ṣé ìdí òṣùwọ̀n ni mo máa ti fẹ̀yìn tì?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ ta, ó ní òfin iṣẹ́ àwọn ni pé akọ̀wé òṣùwọ̀n kò gbọ́dọ̀ ta. Inú mi dùn délé lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti já gaara lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí nílé, inú fíríìjì la ti ń rí awò ojú rẹ̀, mo sì ń pè é ní ọjọ́ ogbó.

Ọmọkùnrin kan ló jẹ tẹ́tẹ́ ńlá, ló bá ń kéde káàkiri Takie pé díákónì ló kọ́ òun. Ọ̀rọ̀ dé ìjọ. Wọ́n ní Bàbá Mercy kò gbọ́dọ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́, àfi tó bá dúró níwájú ìjọ tó tọrọ ìdáríjì. Ẹ̀yin kò ní irú rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ. Lẹ́yìn ìsìn, àlejò á jáde, ẹni náà á bọ́ síwájú, pásítọ̀ á bi í léèrè ọ̀rọ̀, òun á dáhùn, ìjọ á wá nawọ́ sókè bí wọ́n bá dárí jì í. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èmi náà ti nawọ́ fún. Mo sọ fún Pásítọ̀ Akínkúnmi, tí kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ, pé ọkọ mi kò ta tẹ́tẹ́ rí. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọ, ó parí nìyẹn.” Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ burúkú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé náà ni kí ọkọ mi sọ pé òun kò ta, kí orúkọ rẹ̀ mọ́. Mo lọ agbádá funfun fún un. Bá a ṣe ń lọ lọ́nà, mo ń rán an létí, ó sì ń dá mi lóhùn pé òun gbọ́.

Pásítọ̀ rọra bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ ta tẹ́tẹ́?” Ó wo gbogbo ìjọ yíká. Mo rí i tó na ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ọkàn mi balẹ̀. Ó wá fi ohùn tí mi ò gbọ́ mọ́ láti Jọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ fara balẹ̀. A ti wọ̀n wọ́n. Ìwọ̀n pé. Ẹ lọ gba owó yín.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn akọrin. Ọkọ mi ń retí kí àwọn èèyàn máa lọ. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dìde, ó tún un sọ lédè Haúsá, bó ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ó wá kọjú sí pásítọ̀, ó ní, “Ìwọ, ẹṣin wo lo gùn?” Ọmọ náà gbé máìkì sílẹ̀, omi ti dé ojú rẹ̀. Mo lọ di ọwọ́ ọkọ mi mú. Ó wò mí, ó ní, “Màdáámù, ẹ má bínú, òṣìṣẹ́ nìkan ló ń wọ ibí.” Zulaikha, ibẹ̀ ni mo ti kú.

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Pásítọ̀ wá sílé wa lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní ìjọ kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́wọ́ bàbá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí mo ń jà fún ti padà sílé, ọkọ mi ni kò bá a padà. Dókítà ní kò sí oògùn tó lè dá a padà, Mercy sì ń sunkún lórí fóònù láti Àbújá. Láti ọjọ́ náà, Màdáámù ni mò ń jẹ́. Á kí mi, á dúpẹ́ oúnjẹ, bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, á bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé ọkọ mi kò ní máa wá mi nílé. Ó ń béèrè Alhaji rẹ náà. Mo ní ó rìnrìn àjò. Bó o bá wá, tó bá bi ọ́, má bínú, bá mi sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn díákónì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa ti géètì, kó má baà tún lọ sí Takie. Mo tì í. Lójoojúmọ́ ló ń so táì rẹ̀, á di irin géètì mú, á máa bẹ̀ mí pé wọ́n ń dúró de òun nídìí òṣùwọ̀n. Ọkàn mi kò gbà á mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ṣí géètì, mo mú báàgì mi, mo tẹ̀ lé e. Kò ṣi ọ̀nà. Bí àwọn ọmọ náà ṣe rí i, wọ́n dìde fún un, wọ́n ń pariwo, “Ọ̀gá ti dé!” Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì mí, gèlè ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ lórí mi. Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá lélẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn bí ẹni ń wá nǹkan. Ó rí mi. Ó ní fún wọn, “Kí lẹ ń wò? Ẹ fún ìyàwó mi ní àga.”

Mo jókòó tì í títí eré tó kẹ́yìn fi parí. Kí a tó padà dé Àpákẹ́, mo ti tún di Màdáámù. Àmọ́ màá lọ lọ́la, màá lọ lọ́túnla. Bí ìjọ bá fẹ́ bá mi wí, wọ́n mọ ibi tí mo ń jókòó sí.

Bá mi kí Israfil àti ìyàwó rẹ̀, kí o sì bá mi fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ kóo gbàdúrà fún un. Kí gbogbo ará ilé yín. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí, á jẹ́ ká tún fojú kanra.

                                        Èmi tí a jọ rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́,
                                        Leah, Ìyá Mercy.