Ohùn Ìyá Kabba Ti Parẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi sí yín. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó bèèrè àlàáfíà yín, nítorí bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, n óò gbé ìbínú náà mì bí ẹ ṣe kọ́ wa, lẹ́tà yìí yóò sì di irọ́. Ó ti pé ọdún kan tí a sin yín. Màmá wà dáadáa. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu tí ọyẹ́ bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù yín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ohùn Ìyá Kabba ti parẹ́. Gbogbo ohùn tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe sínú ẹ̀rọ náà ló ti lọ: èyí tó dà bí fèrè, èyí tó dà bí òjò lórí páànù, àti èyí tí ẹ fi orúkọ ìyá yín pè, tó máa ń dún bí ìgbà tí obìnrin arúgbó bá ń kùn orin nínú yàrá. Ọdún mẹ́jọ lẹ fi ṣe wọ́n. Káyọ̀dé fi ìka méjì pa wọ́n rẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, lójú gbogbo ìjọ.

Káyọ̀dé yín. Ẹni tí ẹ yàn láti máa tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn yín.

Nígbà ọyẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ eruku Zaria. Ó wọ abẹ́ eyín kíbọ́ọ̀dù, mẹ́ta nínú wọn kò sì dún mọ́ àfi tí ènìyàn bá fi agbára tẹ̀ wọ́n. Mo sọ fún Káyọ̀dé pé ká tú u, ká fi òwú àti sípíríìtì nu abẹ́ wọn. Mo tún ní ká kọ àwọn ohùn yín sórí dísìkì, nítorí kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Sísítà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọbẹ̀.”

Ó wá ń gbá àwọn eyín náà bí ẹni ń pa ẹ̀fọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹgbẹ́ akọrin ti dìde, ó tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dún. Iná rẹ̀ tàn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Ó gbé ohùn sókè, kò dún. Ó gbá sípíkà létí, kò dún. Alàgbà tó jẹ́ olórí akọrin dúró, ó ṣí ìwé orin sílẹ̀, ó ń wo òkè àjà. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sì sọ ọ́ síta pé ẹ̀yin lẹ mú ohùn rẹ̀ lọ sọ́run nítorí a kò ṣe ẹ̀yẹ yín tó. Bàbá, wọ́n sọ yín di olè nínú ilé Ọlọ́run!

Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ohun tó ṣe é. Ẹsẹ̀ àwọn akọrin ti kọ́ wáyà pẹ́dà, èyí tí ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti gbé ohùn sókè sódò. Ó ti yọ dé ìdajì. Kíbọ́ọ̀dù náà rò pé a ti gbé ohùn òun sílẹ̀ pátápátá ni. Mo dìde láàárín àwọn obìnrin, mo pariwo.

“Káyọ̀dé, wo ẹsẹ̀ rẹ! Wáyà pẹ́dà!”

Kò wo ẹsẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó di bọ́tìnnì méjì mú pọ̀, ó sì tan án. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Nínú ìwé atọ́nà tí ẹ tì mọ́ inú àpótí irin, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹ̀rọ kò bá dún, kí ènìyàn kọ́kọ́ wo iná, kó wo wáyà, kó wo pẹ́dà. Ìparí pátápátá ni wọ́n tó sọ bí a ṣe ń dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kìlọ̀ pé gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ yóò lọ. Ẹ̀yin fúnra yín fi báírò pupa fàlà sí i nídìí. Ẹ̀rọ náà pàápàá bi Káyọ̀dé léèrè bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Síbẹ̀, kò dún.

Mo rìn lọ síwájú, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo ti wáyà náà wọlé. Ó ró “tà,” ohùn sì jáde. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń ṣe halelúyà! Mo wá Ìyá Kabba ní nọ́ńbà tí ẹ gbé e sí. Ariwo hẹlikọ́pítà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sínú rẹ̀ ni mo bá níbẹ̀.

Ẹ óò bèèrè ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo máa ń jí kọ́kọ́rọ́ àpótí yín nígbà tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ rélùwéè, mo ka ìwé náà láti èèpo dé èèpo. Ọjọ́bọ̀ tí mo máa ń lọ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbálẹ̀ kíá, mo máa fi wákàtí kan tẹ kíbọ́ọ̀dù. Kí ni kí n ṣe? Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ìka kan kàn án níwájú yín, ẹ gbá ọwọ́ mi dànù, ẹ ní kí n lọ wo ìkòkò lórí iná. Nígbà tí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn Ṣíkà, èmi ni mo wẹ̀ yín, èmi ni mo fi ṣíbí bọ́ yín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Káyọ̀dé wá lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọsàn mẹ́rin. Òun lẹ fa kíbọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́. Mo dúró níbẹ̀, mo di ife omi yín mú. Ṣé ẹ kò rí mi ni?

Nígbà tí ìrántí ọdún kan yín ń bọ̀, Alàgbà ní Káyọ̀dé ni yóò tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó ní kí èmi máa bá wọn wo wáyà. Mo yọ gbogbo wáyà náà, mo dì wọ́n, mo gbé kíbọ́ọ̀dù sórí alùpùpù àṣàbà, mo gbá a mọ́ àyà láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Sabon Gari dé ilé wa ní Kwangila. Ẹ̀yin lẹ rà á, kì í ṣe ìjọ.

Mo tú u lórí tábìlì oúnjẹ. Mo fi òwú nu abẹ́ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ àwọn tó wà níparí lọ́wọ́ òsì, mo bá ẹ̀rún kùlìkùlì. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé omi sún mọ́ ọn! Mo sunkún. Inú sì tún bí mi pé mo ń sunkún. Bátìrì pẹlẹbẹ inú rẹ̀, tó ń bá a rántí nǹkan, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Málàmù tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò PZ ló bá mi jó tuntun mọ́ ọn. Ó wo bí mo ṣe to àwọn ìdè irin kéékèèké rẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n má baà pòrúúrùú, ó fi Hausa bi mí pé ta ló kọ́ mi.

“Ba kowa,” ni mo wí. Kò sẹ́ni.

Alàgbà wá sílé pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n halẹ̀, wọ́n tún bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín yan Káyọ̀dé, pé a kì í tẹ ọ̀rọ̀ òkú mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá fọwọ́ dá mi dúró.

“Kíbọ́ọ̀dù ọkọ mi ni,” ni ó wí. “Ọmọ ọkọ mi ni yóò tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pàtẹ́wọ́ kọrin.”

Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ìrántí náà, Bàbá. Mo gbìyànjú láti tún Ìyá Kabba ṣe, kò ṣe é ṣe, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ bí ìyá yín fúnra rẹ̀ ṣe ń kùn. Mo ṣe ohùn tèmi. Ó le díẹ̀ létí, ó sì dára. Káyọ̀dé jókòó lẹ́yìn, kò gbójú sókè.

Nígbà tí a délé, Màmá ń tú gèlè rẹ̀, ó wá sọ ohun tí ẹ ní kó má sọ. Ó ní ẹ mọ̀. Ó ní ní àwọn Ọjọ́bọ̀ yẹn, ẹ máa ń tètè kúrò níbi iṣẹ́, ẹ máa ń gbé kẹ̀kẹ́ yín ti igi dógóyárò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ óò dúró síbẹ̀ títí n óò fi parí. Ẹ óò wá délé, ẹ óò sọ fún un pé ọwọ́ mi ju tiyín lọ, pé kó má jẹ́ kí n gbọ́, kí n má baà gbéra ga.

Ó rò pé yóò tù mí nínú. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jẹun dáadáa.

Kí ló dé tí ẹ kò wọlé? Ilẹ̀kùn kì í tì. Mo lọ síbẹ̀ lánàá, mo dúró sábẹ́ igi náà, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo ń ka ẹsẹ̀ mi. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógún péré ni, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀, tí ìfẹ́ yín kò sì jẹ́ kó sinmi.