Ọ̀bẹ Tírákítọ̀ àti Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Méjì

Qaanitah Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ wà, ṣé bàtà ń tà ní ọjà Balógun? Ayé kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àmín. Bí o bá bèèrè èmi náà, mo wà, mo dúpẹ́, àfi ìbàdí yìí tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé pé mo ti dàgbà nígbàkúùgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Òrùlé mọ́sálásí wa tó ń jò, wọ́n ti tún un ṣe, ó wá ń jò níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ tírákítọ̀ ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O ti sọ pé bí kò bá ṣiṣẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí n fi oko sílẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́, mi ò jiyàn, torí ọkọ́ kò ṣe é gbé fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dé ilé yín rí. Oúnjẹ pé, ibùsùn rọ̀, àmọ́ mo wá ibi tí mo lè gbin ẹsẹ̀ ata kan ṣoṣo sí, kọ̀ǹkéré ni mo bá pàdé. Mo gbìn ín sínú ike ọṣẹ rẹ, o pè é ní pàǹtí, o sì dà á nù. Mi ò bínú, mo kàn ń rán ọ létí ni. Jọ̀wọ́, má pe tírákítọ̀ náà ní àlòkù mọ́. Kékeré ló rí yẹn, ó dàgbà jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni.

Àwọn ọ̀bẹ tí o fi ránṣẹ́ dé, wọ́n ń dán, mo sì ṣàdúrà fún ọ kí n tó tú wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò bá ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀ mu. Ihò méjì tó wà lára wọn sún mọ́ra jù, bóòtù kan wọlé, èkejì kọ̀. Má bá Yaqub tó tà á fún ọ ní Adéníji Adélé jà, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ṣebí ó fi àwòrán ọ̀bẹ náà ránṣẹ́ sórí fóònù Wàsíù aládùúgbò wa, pé kí n wò ó bóyá òun ni. Mo ní kí Wàsíù gbé fóònù wá sóko, mo gbé e lé ojú ibi tí ọ̀bẹ àtijọ́ ti kán. Ọ̀bẹ inú fóònù kéré. Ni Wàsíù bá fi ìka méjì fà á, ó ń nà, ó ń nà, títí ihò rẹ̀ fi bọ́ sójú ihò tiwa gẹ́lẹ́. Mo ní kó má fà á mọ́, kó sọ fún Yaqub pé òun gan-an nìyẹn. Ó wá jọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ Yaqub ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó bá a fà á, bó ṣe wà ló ṣe dì í. Wàsíù ní irin kì í nà. Mo bi í pé ta ló wá fà á lójú mi.

Yaqub tún fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, pé àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yẹn ti jáwọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n òun yóò rí i bí òun bá mọ ìwọ̀n rẹ̀. Mo kí i, mo bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, ó kàn ń sọ tirẹ̀ lọ. Mo fi sùúrù bá a, ọmọ Èkó ni.

Ìwọ̀n tó ń bèèrè ló mú mi rántí iṣẹ́ tìrẹ. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí mo bá ń lọ ra bàtà Iléyá fún ọ, ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, yóò fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ rẹ, yóò sì ṣẹ́ ẹ níbi tí àtàǹpàkò parí sí. Bàtà náà kì í há, kì í sì í fẹ̀ jù. Nítorí náà mo ti fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wọn ọ̀bẹ àtijọ́ láti àárín ihò kan dé àárín ìkejì, ìgbálẹ̀ tí mo so òwú pupa mọ́ nìyẹn. Àlímọ̀t tó ń kó gàrí wá sí Èbúté Èrò ni yóò fi ìwé yìí àti ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì lé ọ lọ́wọ́. Kí Yaqub gbé ìgbálẹ̀ náà lé irin, kó má gbé e lé fóònù.

Ohun tó ń wú mi lórí, ọmọ mi, ni pé ìwọ tí o fẹ́ kí n wá, ìwọ náà ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ wá ọ̀bẹ tí kò ní jẹ́ kí n wá. Inú mi dùn sí ọ gan-an. Ìwọ náà kò ní wá ohun rere tì.

Jọ̀wọ́, fi owó epo tírákítọ̀ díẹ̀ kún un. Bó bá jẹ́ orí fóònù lo máa gbà fi ránṣẹ́, n ó ní kí Wàsíù fà á díẹ̀ kó tó kó o fún mi.

Ìgbálẹ̀ kejì, tí mo so òwú funfun mọ́, ẹsẹ̀ tèmi ni. Bí ọ̀bẹ tuntun bá bá ìgbálẹ̀ olówùú pupa mu, mú bàtà òjò fún mi, n ó máa wọ̀ ọ́ lọ sóko. Bí kò bá bá a mu, mú sálúbàtà tí kì í yọ̀, n ó máa fi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín. Ọlọ́run yóò bá ọ tajà, yóò sì bá ọ tọ́mọ. Ṣùgbọ́n bàtà òjò ni kí o kọ́kọ́ wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ̀núrù